Ìdọ̀tí Méjì Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹ

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní

Òtútù díẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ojú ọjọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí bí Lóyà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, ìran lásán ló ń wò.

Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì pè mí lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ìrọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́jọ ti gorí ẹ̀. Mo ń dúró de ohun tó torí ẹ̀ pè, torí kò sẹ́ni tó ń ná owó fóònù láti kí ènìyàn kú ìrọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ ọ́. Ogójì alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ọmọ mi fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní èṣí, àwọn tó ń gbẹ́ ihò sínú ògiri yanrìn létí odò. Òrùka méjì-méjì, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó lọ nígbà òjò máa ń padà sí ibi tó ti kúrò. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni kí ẹnìkan rí wọn lọ́dún yìí. Ọ̀gá náà ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, wọn ò rí òrùka kankan, kò sì sówó lọ́wọ́ wọn mọ́ láti tún wá.

"Fọ́tò ẹyọ kan, Mà," ló wí. "Kí òrùka hàn lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan ṣoṣo, màá tẹ iṣẹ́ náà jáde, orúkọ tirẹ̀ ló máa wà lókè. Tí kò bá sí, kò tíì di iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni."

Mo ní, "Lóyà ò ní gba ìyẹn."

"Ta ni Lóyà?"

"Òun náà ni. Láti kékeré la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó o bá sọ fún un pé oúnjẹ ti jinná, á bi ọ́ pé ẹ̀rí dà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣáájú kí òjò tó dé, torí tí odò bá ti kún, wọ́n á lọ.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ya fọ́tò. Mo ti ya ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, mo ti ya òkú. Mo ní màá yà á.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo ṣí àpótí tí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ wálé. Mo dúró kí bàbá rẹ̀ jáde ná. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, wọ́n fi súwẹ́tà rẹ̀ wé e. Ojú kámẹ́rà náà gùn tó apá mi, ó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Tèmi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ò tó ọmọ ọ̀dọ̀ fún un. Bátìrì ti kú: òmíràn, owó fọ́tò páásípọ́ọ̀tù méjìdínlógún. Káàdì tó yára tó fún un: owó páásípọ́ọ̀tù ọgbọ̀n. Ẹni tó tà á ní kí n ra méjì, pé ọ̀kan máa ń kún. Mo ní tó bá kún, màá dà á nù, màá tún un lò, bí garawa.

Ìwé tó ń kọ nípa ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oòrùn. Mo wọ mọ́tò dé afárá, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, ogójì ìṣẹ́jú. Ògiri yanrìn náà ga tó ilé alájà kan, ó dúró gbagidi lórí omi, ihò sì wà lójú rẹ̀ bí ihò asẹ́. Kí n tó sọ kámẹ́rà kalẹ̀ ni gbogbo wọn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ náà kò tó ìka ọwọ́ méjì pọ̀. Ó ń yí bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lẹ́yìn. Bí mo bá fi ojú kámẹ́rà wá a, òfuurufú ni mò ń rí.

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ó yá, ẹ má mì." Ojú tì mí fún ara mi.

Ọkùnrin kan ń wa yanrìn nísàlẹ̀, òun àti ọkọ́ rẹ̀ nìkan. Ó ti ń wò mí látàárọ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń yà?"

"Ẹyẹ."

"Àwọn wọ̀nyí? Àwọn wọ̀nyí ò ráyè. Ẹ wá ya adìẹ mi nílé. Tẹ́ ẹ bá ní kó rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín."

"Adìẹ yín ò níṣẹ́ ni."

"Ó níṣẹ́. Ó ń yé ẹyin. Kí lèyí ń yé fún yín?"

Fọ́tò mọ́kànlélọ́gọ́fà. Ojú ọ̀run ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta ní ìrù.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò lọ. Ṣọ́ọ̀bù.

Mo ń ka ìwé rẹ̀, ojú ewé kan lóòjọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọmọ yìí sì ń kọ̀wé bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyá òun á kà á. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo ń bi ìyá tó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tòní ṣe mí láǹfààní. Ó ní tí wọ́n bá ń fò, ẹsẹ̀ wọn wà ní kíká sínú ìyẹ́, kò sí kámẹ́rà tó lè rí i. Àfi tí wọ́n bá fẹ́ wọ ihò. Nígbà yẹn wọ́n á na ìrù, wọ́n á ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní búréékì. Kò pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, má lé ẹyẹ. Dojú kọ ẹnu ihò, kó o dúró.

Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ló wá ń kọ́ mi.

Ọjọ́ kejìlélógún

Afẹ́fẹ́ líle, iyẹ̀pẹ̀ lójú. Bí mo bá ti wà níbẹ̀, wọn kì í wọlé. Wọ́n á máa yí lókè, ọmọ wọn á máa ké nínú ihò. Mo rò ó pé èmi gan-an ni mò ń febi pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo kúrò.

Lálẹ́ mo bi Bàbá Lóyà bóyá wọ́n ṣì ní aṣọ kákí ní ilé ìránṣọ wọn, èyí tí àwọn ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́ kò wá gbà mọ́. Wọ́n ní ó wà. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n fi rán àgọ́ tí ènìyàn lè jókòó sí nínú, tó ní ojú ihò níwájú. Wọn ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ti mọ̀, torí wọ́n rí kámẹ́rà lórí tábìlì, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ilé wọlé kí wọ́n má bàa kọjá lára rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Àgọ́ ti délẹ̀. Etí ojú ihò náà, wọ́n fi òwú gbá a yíká bí ihò bọ́tìnnì ẹ̀wù ìgbéyàwó. Wọ́n ní, "Onífọ́tò, ẹnu ife tíì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tó, gbé e padà."

Onífọ́tò ni wọ́n ń pè mí báyìí. Láti oṣù karùn-ún ni wọn ò ti pè mí ní Ìyá Lóyà mọ́. Èmi náà ò pè wọ́n ní Bàbá Lóyà lójú wọn. Inú ìwé yìí nìkan ni.

Ó tó.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ooru nínú àgọ́ bí inú ìkòkò. Irínwó fọ́tò. Ihò, ihò, ihò, apá ìyẹ́, ihò.

Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ìkùukùu títí di aago mẹ́sàn-án. Mo ti mọ àléébù mi. Onífọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni mí: mo máa ń dúró kí ojú ènìyàn rọlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Níbí, tí mo bá ti rí i, ó ti kọjá. Àfi kí n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mi ò tíì rí nǹkan kan, bí ẹni tó ń dáhùn kí wọ́n tó pè é.

Oníyanrìn kọ́ mi ní ọ̀kan pẹ̀lú. Ó ní, "Màmá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń dojú kọ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ ti jókòó síbi ìdí wọn láti ọjọ́ yìí." Mo sún àgọ́ lọ sí apá kejì. Ó tún ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìsàlẹ̀ ògiri yẹn gan-an, torí yanrìn ibẹ̀ ló mọ́ jù.

Mo ní, "Ẹ fún mi di ìgbà òjò."

"Yanrìn tí mo fi ń jẹun?"

Mo wò ó. Bàtà rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì. "Ìyàwó yín ti ya fọ́tò pẹ̀lú gbogbo ọmọ yín rí?"

Ó fi ọwọ́ nu yanrìn kúrò lára ọkọ́ rẹ̀.

"Fọ́tò ńlá, pẹ̀lú férémù. Èmi ni màá ra férémù."

Ó ní òun á ro ó. Kí n tó dé afárá ni mo gbọ́ tí ọkọ́ rẹ̀ ń dún ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tó jìnnà.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá olówùú tó wá gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá bá mi nílé. "Wọ́n ní o ti di ẹlẹ́yẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó rọra máa sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Mo rí i. Mo mú ẹyẹ náà ní òfuurufú, bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu ihò rẹ̀. Ìyẹ́ méjèèjì nà gbalaja, ìrù tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ nínú ojú rẹ̀.

Mo wo ẹsẹ̀ náà nínú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kò sí pupa, kò sí búlúù, kò sí yẹ́lò. Ẹyẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́, ó sì ti fi hàn mí pé ọwọ́ mi lè ṣe é. Èyí tó lórùka ń bọ̀.

Mo sáré padà torí àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta tí mo yà fún ìdánwò, tí olùkọ́ wọn fẹ́ gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní làpálàpá ní gbogbo iwájú orí, mo nù ún. Ọ̀kan ní ojú pípọ́n, mo nù ún. Kọ́là tó dọ̀tí, mo nù ún. Láàárín wọn ni mo ṣí ẹyẹ mi, kí ojú mi lè sinmi. Èérún yanrìn wà káàkiri ojú fọ́tò, mo nu gbogbo rẹ̀. Ìdọ̀tí méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Mo nù ún. Ó mọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo fi pamọ́ lórí ti tẹ́lẹ̀, mo da gbogbo ohun tó wà nínú káàdì nù fún iṣẹ́ ọ̀la, mo tẹ ẹ́ jáde ní bébà ńlá.

Bàbá Lóyà dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní, "Ó ń fò lóòótọ́." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n ti sọ nípa ẹyẹ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gbé e kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Onímọ́tò kan fẹ́ rà á. Owó tó dá lé e dára, mo sì mọ ohun tí owó jẹ́. Mi ò tà á.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Òfo. Àwọn ọmọ ẹyẹ ti ń yọ orí.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Ojú ewé ogójì ni mo kà lónìí. Mo dà á kọ síbí bó ṣe kọ ọ́: "Lẹ́yìn ọdún kan, àwọ̀ òrùka máa ń ṣá. Ẹrẹ̀ inú ihò á tún bò ó. Nínú fọ́tò, á dà bí ìdọ̀tí kékeré méjì lẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Má ṣe fojú fò ó. Fẹ̀ ẹ́ lójú, wo eteetí rẹ̀, àwọ̀ máa ń kù níbẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi ara mi bóyá ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀.

Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ ẹsẹ̀ náà lójú títí ó fi di igun-igun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ohun tó mọ́ tó ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn láyé.

Tí mo bá ti ń ka ojú ewé méjì lóòjọ́ ni.

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo gbé káàdì lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ki í bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó, ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́. "Ìyá mi, kí lẹ yà sórí ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn?"

"Ẹyẹ."

"Mélòó?"

"Ó máa tó ẹgbẹ̀rún."

Ó ní omi ò ṣeé kó lórí omi, pé àwọn tuntun ti bo ti àtijọ́. Ó ní kí n má sanwó. Mo san án. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi lónìí.

Mo pe ọ̀gá Lóyà. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, mi ò bu iyọ̀ sí i.

"Méjì ni, Mà? Ọ̀kan lórí èkejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ wo?"

Mo di ojú mi. "Òsì."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Òsì ló fi gbogbo wọn sí. Òun ni. Ó padà wá." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú sí ara yín, Mà. Òjò ò tíì dé."

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Láti aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti ń wà nínú àgọ́, ọjọ́ karùn-ún rèé. Mo ń fẹ gbogbo ẹsẹ̀ lójú. Ẹsẹ̀ wọn mọ́, gbogbo wọn. Ọ̀bẹ tí mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́rìnlélógún ló gé mi lọ́wọ́. Ta ló ní kí n nù ún? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ẹyẹ náà ò sanwó.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Ìkùukùu dúdú ní ìlà oòrùn. Àwọn ọmọ ẹyẹ ti ń fò. Wọn ò nílò ihò mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, wọ́n kàn ń kọjá lẹ́nu rẹ̀ ni.

Bàbá Lóyà ti ilé ìránṣọ, wọ́n bá mi lọ. Wọn ò wọnú àgọ́. Wọ́n jókòó sórí òkúta pẹ̀lú Oníyanrìn, wọ́n ń bá a gán ṣòkòtò rẹ̀ tó ya. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ tó máa ń wá síbí ní èṣí?"

Wọ́n ní, "Èmi ni."

"Ó máa ń bá mi jà. Ó ní mò ń wú ilé ẹyẹ. Mo ní kó lọ kọ́ ilé mìíràn fún wọn. Ọjọ́ kejì ló gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá, ó sì ń bá mi wa ibòmíràn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó."

Ẹyẹ méjì wọlé ní àkókò yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti aago mẹ́rin ìdájí, kò dá. Oníyanrìn pè mí lórí fóònù: "Màmá, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú." Mo lọ. Odò ti gorí ibi tí mo máa ń pa àgọ́ sí. Ìdajì ògiri ti ya sínú omi, yanrìn tútù pupa ló kù, kò ní ihò kankan. Ojú ọ̀run ṣófo. Oníyanrìn bọ́ fìlà rẹ̀ nínú òjò, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣòfò.

Mi ò sunkún níbẹ̀. Mo ká àgọ́. Ó wúwo nítorí omi.

Ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Bàbá Lóyà ní, "Onífọ́tò. Ìwọ tí o máa ń fi irun sórí apárí, tí o máa ń la ojú ọmọ tó sùn. Ṣé òrùka méjì ló máa wá ṣòro fún ọ?"

Mo ní, "Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ?"

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ohun tó wà níbẹ̀ lò ń dá padà. Ta lo jí?"

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n di agboòrùn lé mi lórí. Mo jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Mo fi ẹrẹ̀ sí i, mo fi àyè sílẹ̀ fún àwọ̀ díẹ̀ létí rẹ̀ bó ṣe wí. Ọlọ́run ló mọ̀, iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa jù láyé mi nìyẹn. Kò sí yunifásítì tó lè rí ojú ìránpọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku àwọ̀. Mo ṣí ìwé Lóyà síbi tó to gbogbo ogójì sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: àwọ̀ òkè, àwọ̀ ìsàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tó ṣe. Ìkẹjọ, búlúù lórí yẹ́lò: "ó bù mí jẹ." Ìkẹtàlá, pupa lórí funfun: "ó sùn sí mi lọ́wọ́." Ìkọkànlélọ́gbọ̀n, yẹ́lò lórí yẹ́lò: "ìyẹ́ kan ti gé, mo rò pé kò ní lè rìn jìnnà." Mo fi ìka sí èyí tó sùn sí i lọ́wọ́. Mo gbé e kúrò. Mo fi sí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ gé.

Ọ̀kan ni mo rí. Mọ́kàndínlógójì ni mi ò rí. Èwo ni kí n sọ pé ó yè?

Ọwọ́ mi dúró. Bàbá Lóyà wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan lórí èjìká mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí ìkọ̀wé rẹ̀ láti oṣù karùn-ún nìyẹn.

"Wákàtí mẹ́fà ni," wọ́n wí.

Mo mọ wákàtí mẹ́fà tí wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ tí mọ́tò tó gbé ọmọ náà dojú dé, ẹnìkan pè wá láti ilé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó yè. A dọ̀bálẹ̀, a dúpẹ́. Mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Bàbá rẹ̀ kó aṣọ fún oníbàárà méjì, wọn ò gba owó ìránṣọ. Mo ti ń di ẹrù tí màá gbé lọ bá a, pẹ̀lú súwẹ́tà, torí ilé ìwòsàn máa ń tutù. Ní aago méjì wọ́n tún pè. Wọ́n ní ìlà orúkọ ló yí, pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló yè.

Mi ò bá ẹni yẹn jà. Àṣìkà ni. Kò mọ̀ọ́mọ̀.

Bàbá Lóyà ní, "Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá

Oòrùn lẹ́yìn òjò. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá Lóyà, mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́. Mo ní n kò lè mú fọ́tò wá, pé ògiri ti wó, pé mo lè ya òrùka sí i kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, mo tilẹ̀ ti yà á tán, mo ti pa á rẹ́. Mo ní kó má bi mí ní àwọ̀ náà, torí mo nù ún kí n tó wò ó. Gbólóhùn yẹn ni mo kọ gbẹ̀yìn, òun ló sì pẹ́ jù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹtàlá

Oníyanrìn kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún wá, gbogbo wọn fi òróró pa ara. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹ ti lọ, kí n má wulẹ̀ ra férémù. Mo ti rà á. Èyí tó kéré jù kọ̀ láti dúró jẹ́ẹ́. Mo yà á bó ṣe ń sá.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀gá Lóyà pè. Ó ní òun máa tẹ iṣẹ́ náà jáde, ojú ewé méjì péré, bí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ Lóyà á wà lókè, pẹ̀lú àmì tí wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ ẹni tó ti kú. Ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ kó tó fi ránṣẹ́. Ó kà á fún mi, mo gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀: "Iye tí a fi òrùka sí: ogójì. Iye tó padà: kò sí."

Mo ní, "Dúró. Kí lo kọ níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí, Mà. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn tí kò bá sí ẹ̀rí."

"Ẹ̀rí ni kò sí. Ẹyẹ wà."

"Mo mọ̀, Mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́ pé ọ̀kan padà, wọ́n á bi mí pé fọ́tò rẹ̀ dà."

"Sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé ẹyẹ kan padà, ó ní àmì méjì lẹ́sẹ̀ òsì. Pé ẹni tó yà á nù ún kúrò. Pé ìyá ẹni tó fi òrùka sí i ni, onífọ́tò páásípọ́ọ̀tù, kò mọ ohun tó ń nù."

Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìwé yẹn máa ń dé ibi tó jìnnà, pé àwọn tí mi ò mọ̀ rí á kà á, àti pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde kì í ṣeé kó padà. Mo ní mo gbọ́. Ó ní wọ́n lè má tilẹ̀ gbà á, wọ́n lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní kó kọ ọ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Mo gbọ́ tí bírò rẹ̀ ń ha bébà. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa wà, Mà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́."

Mo ní kò burú, bó bá ti ṣeé kà. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á. Mo ní kó yọ "bóyá" tó fi sí i. Ó yọ ọ́.